Ẹ̀yin bàbá ìkókó, báwo lẹ ṣe ń pín oorun òru?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó kéré tán, wákàtí 7 ni àgbàlagbà nílò lóru, ṣùgbọ́n ìkókó ò mọ̀ pé bàbá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Ètò tó wà nílẹ̀ ni pé kí ìyá sùn láti aago 9 alẹ́ sí aago 2 òru, kí bàbá wá sùn láti aago 2 sí 7. Ibi tó ti ń dàrú rèé: bí ẹni tí oorun kàn bá wà ní yàrá kan náà, igbe àkọ́kọ́ ló ń jí i. Kọfí ọ̀sán náà ń dá kún un, torí lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì agbára rẹ̀ ṣì wà lára.

Ṣé kí bàbá kó lọ sí pálọ̀ ni? Bí ọmú nìkan lọmọ ń mu ńkọ́? Ibo lẹ ti ń rí wákàtí 2 tó kù?

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yíyẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò náà. Kéèyàn tó yẹ̀ ẹ́ wò nílé, ó yẹ kó ti tọ̀, kó fẹ̀yìn ti àga, kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Aago wo lẹ ń ráyè ìyẹn, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìkókó ń fa ṣòkòtò yín?