Ṣé kí n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ gáréèjì ni, àbí kí n ra èyí tí wọ́n máa wá tò?

Ìyá Tọ́lá, Ológunẹrú:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló gbé mi dé. Ó ti di ọdún méjì tá a ti kó wọlé wa, a ò tíì rí owó ṣe gáréèjì, abẹ́ igi máńgòrò ni Sienna mi ń sùn. Ní àsìkò yìí tó ń so, láti ìdájí ni mo ti ń gbọ́ gbì! gbì! lórí ẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ti dà bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà.

Bàbá Tọ́lá ní ká pe bíríkìlà, ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé, láàárín ilé àti fẹ́ǹsì. Èmi rí ẹnì kan lọ́nà Ẹlẹ́yẹlé tó ń ta onírin: ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń gé e tí wọ́n ń jó o, wọ́n á wá fi bọ́ọ̀tì tò ó pọ̀ lójú ilẹ̀ ẹni. Ọjọ́ mẹ́ta ló pè é. Bíríkìlà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ sì mọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bíríkìlà. Àbúrò mi tún ní ká lọ ra kọntéínà, ká ṣí ojú ẹ̀, ó tán.

Ilẹ̀ wa dà gẹ̀rẹ́. Tí òjò bá rọ̀, omi àwọn ará òkè máa ń gba iwájú wa kọjá. Mo tún fẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ máa gbé inú gáréèjì náà kí ariwo ẹ̀ lè dín kù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

Dẹ́rẹ́bà Ìwó Road:
Ẹ gé máńgòrò yẹn, mà.

Ìyá Tọ́lá:
Kí ẹ̀yin ẹ wá máa ra máńgòrò fáwọn ọmọ mi nìyẹn?

Bíríkìlà Apẹ̀tẹ̀:
Ẹ kú ilé, mà. Mi ò ní tìtorí pé búlọ́ọ̀kù ni mo fi ń jẹun kí n parọ́ fún yín. Ògiri búlọ́ọ̀kù kì í dógùn-ún, olè kì í fi irin kékeré ṣí i, ẹni tó bá fẹ́ ra ilé lọ́wọ́ yín lọ́la á sì kà á mọ́ ilé. Gáréèjì ọkọ̀ kan tó dá dúró, kó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, kó gùn ní 20, kó ga ní 9, ògiri mẹ́ta, kí géètì wà níwájú: á gba búlọ́ọ̀kù bíi 420, ẹ fi díẹ̀ lé e nítorí èyí tó máa fọ́. Tí ẹ bá fara ti ògiri ilé, á wálẹ̀ sí bíi 260. Ìyẹn ló ń wọ èèyàn lójú.

Ibẹ̀ náà ni wàhálà wà. Ìpìlẹ̀ ilé yín ti jókòó, tuntun ṣì máa rì díẹ̀. Bíríkìlà tó bá há búlọ́ọ̀kù tuntun mọ́ ti àtijọ́, kí òjò kan tó kọjá, ẹ máa rí i tó là láti òkè dé ilẹ̀, ẹ lè ki owó náírà bọ̀ ọ́. Àlàfo tín-ín-rín la máa ń fi sáàárín. Ẹ má sì rò pé torí pé ẹ ti gbàṣẹ ilé, àfikún ò ní gbàṣẹ tiẹ̀. Ọ̀dà pupa àwọn aláṣẹ ìlànà ilé kíkọ́ kì í tètè kúrò lára ògiri.

Ẹ bá mi wọn àyè tó wà láàárín ilé àti fẹ́ǹsì.

Ìyá Tọ́lá:
Ẹ ṣé, sà. Ẹsẹ̀ bàtà 11 ni. Téépù tí mo fi ń wọn aṣọ ni mo fi wọ̀n ọ́n, ẹ má bínú.

Wẹ́dà Ṣàngó:
11 kẹ̀? Ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín. Ògiri méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn ní íǹṣì 9, pẹ̀lú sìmẹ́ńtì tí wọ́n máa fi rẹ́ ẹ tinú tòde, á jẹ tó ẹsẹ̀ bàtà kan àti íǹṣì 8 nínú ẹ̀. Sienna fúnra ẹ̀ fẹ̀ tó 6 àtààbọ̀, mi ò tíì ka dígí ẹ̀gbẹ́. Ohun tó kù ò pé 3. Ẹ pín in sọ́tùn-ún, ẹ pín in sósì. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Sienna ń wọ́ lọ sẹ́yìn ni, àwọn ọmọ á rí ọ̀nà bọ́ọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí sítíárì ńkọ́? Ojú fèrèsé lẹ máa gbà jáde, pẹ̀lú gèlè lórí.

Ẹsẹ̀ irin oníńṣì mẹ́ta-mẹ́ta ò lè jẹ ju ìdajì ẹsẹ̀ bàtà lọ lápapọ̀. Ẹ ti ní ògiri ilé lápá kan, ẹ ní fẹ́ǹsì lápá kejì. Òrùlé àti iwájú lẹ ń wá. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òrùlé lé fẹ́ǹsì o! Púpọ̀ nínú fẹ́ǹsì wa, oníńṣì mẹ́fà ni, kò nípìlẹ̀ tó lè gbẹ́rù. Irin ni kó gbé e.

Ní ti ọlọ́jọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ ní kó gé páìpù kan sílẹ̀ kẹ́ ẹ rí bó ṣe nípọn tó kó tó gbowó. Èmi ò lò tí kò tó mílímítà méjì fún ẹsẹ̀. Àwọn kan ń lo èyí tí èékánná lè tẹ̀ wọnú. Ojú ibi tí wọ́n bá ti jó irin ló máa ń kọ́kọ́ dógùn-ún, torí iná ti jẹ síńkì ara ẹ̀. Kí wọ́n họ ọ́, kí wọ́n kun ún dáadáa kí wọ́n tó gbé e dé. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ihò ẹsẹ̀ bàtà méjì, ká rọ kọnkéré sí i pẹ̀lú bọ́ọ̀tì. Ìjì oṣù Kẹta sí Kẹrin tó ń ṣíwájú òjò, abẹ́ ló ń gbà wọlé, á wá gbé òrùlé bí ẹni ṣí agboòrùn.

Ìyá Ìbejì, Mọ́níyà:
Ẹ gba ti wẹ́dà yìí gbọ́. Ẹni tó ṣe tèmi, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, bọ́ọ̀tì mẹ́rin ló kàn mọ́ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí kò nípọn ju íǹṣì méjì lọ. Ìjì àkọ́kọ́ báyìí, a wá òrùlé títí. Ọgbà aládùúgbò la ti bá a, lórí èlùbọ́ tí wọ́n sá. Mo sanwó èlùbọ́, mo tún sanwó òrùlé.

Ọmọ Bẹẹrẹ, Texas:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Níbí, wọ́n máa ń fi trailer gbé gáréèjì lódidi wá, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹrù tó bá ti fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 8 àtààbọ̀ lọ lójú títì, ó di oníwèé àṣẹ nìyẹn, nítorí náà èyí tó máa gba mọ́tò méjì, wọ́n sábà máa ń kó o wá ní ègé-ègé ni. Odidi tàbí ègé, onílé ló máa tún ilẹ̀ ṣe kí wọ́n tó dé. Ọjọ́ mẹ́ta tí ọlọ́jà ń pè, kò ka ti ilẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ bá mi bẹ àbúrò yín lórí ọ̀rọ̀ kọntéínà. Inú kọntéínà ẹsẹ̀ bàtà 20 ò ju mítà 2.35 lọ ní ìbú. Sienna á wọlé o. Ẹ ò ní lè jáde ni.

Alhájà Òkè-Àdó:
Ìyá Tọ́lá, ọmọ mi, búlọ́ọ̀kù tàbí irin, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Mo wà n'Íbàdàn yìí lọ́dún 1980 nígbà Omíyalé Ògùnpa, mo tún wà níbẹ̀ nígbà tí omi tún yalé lóṣù Kẹjọ ọdún 2011. Ẹnu ibi tí omi bá ti mọ ọ̀nà, kì í gbàgbé. Tí ẹ bá dí iwájú yẹn láìla gọ́tà, inú pálọ̀ ló ń bọ̀.

Bíríkìlà Apẹ̀tẹ̀:
Òtítọ́ ni, Mà. Kí ilẹ̀ gáréèjì ga tó íǹṣì 6 ju ilẹ̀ ìta lọ, kó dà síwájú ní bí íǹṣì méjì àtààbọ̀ láti ìdí dé ẹnu. Ẹsẹ̀ bàtà 11 sí 20, kọnkéré oníńṣì 5, ẹ fojú sí báàgì sìmẹ́ńtì bíi 17. Kí wọ́n máa bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Kí omi òrùlé má sì ṣe dà sí ọgbà ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ìjà ni.

Nọ́ọ̀sì Bódìjà:
Ẹ dákẹ́ ná. Kò sẹ́ni tó rí ohun tí ìyá yìí sọ nípa jẹnẹrétọ̀ ni? Ìyá Tọ́lá, fèrèsé mélòó ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yẹn?

Ìyá Tọ́lá:
Méjì, mà. Ti kíṣìnì, àti ti yàrá àwọn ọmọ.

Nọ́ọ̀sì Bódìjà:
Ẹ fi ti búlọ́ọ̀kù àti irin sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní carbon monoxide nínú, afẹ́fẹ́ olóró tó ń pa èèyàn ni. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, kì í ta lójú bí èéfín igi. Orí á kàn máa fọ́ èèyàn, oorun á máa kùn ún, á sì sùn lọ. Ẹ ò lè fi sínú gáréèjì, bí ẹ tiẹ̀ ṣí géètì ẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, torí fèrèsé àwọn ọmọ ló máa gbà wọlé. Ìta gbangba ni kó wà, kó jìnnà sí gbogbo fèrèsé, kẹ́nu ibi tó ń tú èéfín kọjú síta. Mọ́tò pàápàá, ẹ má ta á sílẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀ pé ẹ fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná. Ariwo ò pa èèyàn.

Ìyá Tọ́lá:
Ara mi bù máṣọ. Àwọn ọmọ gan-an ni mo torí ẹ̀ fẹ́ gbé e síbẹ̀, kí wọ́n lè rí oorun sùn.

Ìyá Tọ́lá (lálẹ́):
Mo ka gbogbo ẹ̀ fún Bàbá Tọ́lá. Ó kọ́kọ́ ní ará ìta ò lè kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé òun. Mo fa Sienna wọ àyè yẹn, mo to búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́kù lára fẹ́ǹsì sí apá méjèèjì níbi tí ògiri máa wà, mo ní kó jókòó sí sítíárì kó jáde. Ó gbìyànjú. Ikùn ò jẹ́.

A ti gbà báyìí pé bíríkìlà á ṣe ilẹ̀ àti gọ́tà, irin á gbé òrùlé, a ò ní dí ẹ̀gbẹ́ pa níbi tí fèrèsé wà. Jẹnẹrétọ̀ ń lọ sẹ́yìn ilé, nídìí kànga. Wẹ́dà Ṣàngó, ṣé ẹ máa ń dé Ológunẹrú? Tí ẹ bá lè yà lọ́jọ́ Sátidé, ẹ bá mi mú gígé páìpù kan dání. Bàbá Tọ́lá ní òun fẹ́ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wò.