Ẹ gbà mí, ọ̀la ni ẹrù ń lọ sílé!

Ọmọ Ajílété, Manchester: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o. Ìdájí ọ̀la ni ẹ̀gbọ́n wa kan ń lọ sílé, òun ló máa bá mi gbé láptọ́ọ̀pù fún àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ LAUTECH. Windows 10 ló wà lórí ẹ̀, ìtọ́jú ìyẹn sì ti parí láti 14 oṣù kẹwàá 2025. Kò gba Windows 11. Mo ní kí n fi Ubuntu sí i, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows, mo bá 24.04, mo tún bá 25.10. Ẹnìkan ní irú ẹ̀ mìíràn, Mint, ni. Mint náà tún pín sí mẹ́ta! Èwo ni kí n mú?

Ìyá Ìbejì, Calgary: Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Má tẹ̀ lé nọ́ńbà tó ga jù. Èyí tí wọ́n kọ LTS sí lára ni kí o mú, ọdún 5 ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀. 25.10 yẹn, oṣù 9 péré. Mo ti jìyà ẹ̀ rí. Tuntun bẹ́ẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, mo ń yangàn. Ọdún ò yí po tí ohun gbogbo tí wọ́n bá fẹ́ fi kún un fi ń kọ 404, ìyẹn ni pé kò rí i mọ́. Bàbá pè mí lóru: “Àjọkẹ́, irinwó ó lé mẹ́rin kí ni wọ́n ní mo jẹ?”

Ọmọ Akẹ̀sán, Houston: 😂😂 Àmọ́ mà, ẹ̀bi yín kọ́ yẹn? Àṣẹ kan ṣoṣo ni: do-release-upgrade. Ó ti bọ́ sí èyí tó kàn.

Ìyá Ìbejì, Calgary: Ta ló máa tẹ̀ ẹ́? Bàbá tó ń fi ìka kan wá lẹ́tà A? Dátà ńkọ́? Tí NEPA bá múná lọ lágbedeméjì ńkọ́?

Ọmọ Akẹ̀sán, Houston: Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣe é kí oṣù 9 tó pé ni mo ń wí o.

Ìyá Ìbejì, Calgary: Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tí mo ń tọ́ ìbejì?

Ọmọ Akẹ̀sán, Houston: Mo dọ̀bálẹ̀, mà.

Àbúrò Tákíè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí dátà ò dùn ni ẹ̀ ń jiyàn. Ubuntu 24.04 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó GB 6, Mint tó bíi 3. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ parí gbogbo update níbẹ̀ kí ẹ tó di ẹrù.

Bàbá Èwe, Leipzig: Kó o tó ṣe ohunkóhun, kọ́kọ́ tan án láti orí fíláàṣì, kí o wò ó bóyá Wi-Fi gbà. Kí o sì kó fáìlì rẹ kúrò! Èmi tẹ “Erase disk”, mo rò pé Windows nìkan ló ń lọ. Fọ́tò ìsìnkú ìyá mi bá a lọ.

Ìyá Ìbejì, Calgary: Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá.

Ọmọ Akẹ̀sán, Houston: Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: orí Debian, ètò tó ṣáájú wọn, ni wọ́n kọ́ Ubuntu lé, orí Ubuntu ni wọ́n kọ́ Mint lé. Ajíṣebí Ọ̀yọ́ làá rí! Ògbómọ̀ṣọ́ ni Mint.

Ọmọ Ajílété, Manchester: Ọ̀yọ́ tó jẹ gbèsè irinwó ó lé mẹ́rin?

Ìyá Ìbejì, Calgary: Ẹ fi bàbá mi sílẹ̀ o!

Bàbá Èwe, Leipzig: Kíbọọ̀dù Yorùbá wà nínú ẹ̀ o, abẹ́ Nàìjíríà ni kó ti wá a. Ó kéré tán, ọmọ náà ò ní máa kọ Ògbómọ̀ṣọ́ láìlámì bíi pátákó ojú títì.

Àbúrò Tákíè: [fọ́tò] Ẹ wo máńgòrò tí wọ́n já lẹ́yìn ilé wa láàárọ̀ yìí. Abọ́ ìwẹ̀ ló kún bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Akẹ̀sán, Houston: Ìkà ni ẹ́.

Bàbá Èwe, Leipzig: Ẹyọ kan ni mo rà níbí lánàá. Bí ìgbà téèyàn ń jẹ kànrìnkàn.

Ọmọ Ajílété, Manchester: Ẹ jọ̀ọ́, mo ti mú Mint. RAM ẹ̀ jẹ́ GB 8. Nínú mẹ́ta yẹn, Cinnamon ni àbí Xfce? Ẹ̀gbọ́n ti ń pè, wọ́n fẹ́ ti báàgì.

Ìyá Ìbejì, Calgary: Tákíè, ṣé máńgòrò ṣẹ́rì nìyẹn?