Léfítíkù ti sú mi, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ Bíbélì?

Ọmọ Ilé Kéú: Ẹ ǹ lẹ́ o ẹ̀yin ará. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí, mi ò tíì sọ pé mo fẹ́ di onígbàgbọ́ o, mo kàn fẹ́ fojú ara mi ka ohun táwọn Kìrìsìtẹ́nì gbà gbọ́, kì í ṣe látẹnu pásítọ̀ inú mọ́tò. Mo bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì, ó ń dùn bọ̀, Jósẹ́fù yẹn mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ (Yusuf tiwa náà ni), àfi ìgbà tí mo dé Léfítíkù, ẹbọ sísun, ẹ̀tẹ̀, ẹran tí pátákò ẹ̀ là, ó sú mi. Kí ni kí n kọ́kọ́ kà? Ẹ má pè mí wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín o, ìwé ni mo bèèrè.

Ìyá Ìbejì: Hahaha, Léfítíkù ti dá àwa tí wọ́n bí sí ṣọ́ọ̀ṣì gan-an dúró lọ́nà. Ìwé 66 ni wọ́n dì pọ̀, kò pọn dandan kó o tibi àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ ka Máàkù, orí 16 péré, wàá parí ẹ̀ lálẹ́ kan. Ní orí 14 wàá rí ọmọkùnrin kan tí wọ́n gbá aṣọ ẹ̀ mú tó sá lọ níhòòhò, wọn ò sọ orúkọ ẹ̀, ó ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Bọ̀dá Tíṣà: Máàkù dáa, àmọ́ fún ẹni tó ń wádìí, Lúùkù ni tèmi. Ó kọ ọ́ sí ọkùnrin kan, Tìófílù, ó ní òun ti tọpinpin gbogbo ẹ̀ kóun tó kọ ọ́. Tó o bá dé orí 15, ọmọ onínàákúnàá, fara balẹ̀ wo ẹ̀gbọ́n tó dúró síta tó ń bínú.

Ará Kúdẹtì: Ẹ ò sọ ti èdè. Èyí tí Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ túmọ̀, tí odindi ẹ̀ jáde ní 1884, Yorùbá ẹ̀ dùn àmọ́ ó le fẹ́ni tí ò gbọ́ ọ dàgbà. Ka ti Yorùbá Òde Òní lórí fóònù. Ẹnì kan máa tó dárúkọ Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ fún ẹ, ìwé ìtàn tí òyìnbó kan, Bunyan, kọ, tí míṣọ́nnárì Hinderer túmọ̀ sí Yorùbá, mo fẹ́ràn ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ Bíbélì ló ń gbádùn ẹ̀.

Ọmọ Ilé Kéú: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ka Máàkù tán lánàá. Àwọn obìnrin yẹn sá kúrò níbi ibojì Jésù, ẹ̀rù bà wọ́n, wọn ò sọ fẹ́nì kankan, wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹsẹ̀ 9 lọ dé ìparí ò sí nínú àwọn ìwé àtijọ́ kan. Ṣé bó ṣe parí nìyẹn ni?

Bọ̀dá Tíṣà: Ìbéèrè tó yẹ kó o bi gan-an nìyẹn. Ṣí Lúùkù 24 báyìí, ibẹ̀ náà sọ ti àwọn obìnrin yẹn níbi ibojì.