Ẹ gbà mí o: ìrántí àwọn ará ilé wa nípa bọ́ǹbù Ìkẹjà 2002 kò bára mu, ta ni kí n kọ tirẹ̀?

Olùbéèrè (admin ló bá mi fi síta)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi pátápátá. Mo ń gba ìrántí àwọn èèyàn wa jọ nípa ọjọ́ tí bọ́ǹbù tí àwọn ológun kó pamọ́ bú ní bárékè wọn ní Ìkẹjà, ká lè tẹ̀ ẹ́ jáde kó tó di January 2027 tí yóò pé ọdún 25. Owó ara mi ni mò ń ná sí i. Mo ra máíkì, mo ra dátà, ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi san án fún mi. Lọ́jọ́ tí a jókòó, ẹnìkan gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìn fèrèsé torí ó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù. Ẹlòmíì ń jẹ ẹ̀pà sínú máíkì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ́kọ́ sanwó kí òun tó la ẹnu. Mo mú gbogbo ìyẹn mọ́ra.

Èyí tó ń dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu. Ẹnìkan ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni, ẹnìkan ní ilẹ̀ ti ṣú biribiri, ẹnìkan tún ní ọjọ́ Mọ́ńdè ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní láìnì Glo ni àwọn fi pe ìyàwó wọn. Àbúrò ìyá mi ní Ìyànà-Ìsọlọ̀ ni àwọn gbà, ọkọ wọn ní irọ́ ni, wọn ò débẹ̀. Ìjà ti wá dé báyìí, èmi ni wọ́n sì dojú ẹ̀ kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òótọ́? Àti pé, app wo ló ń yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò nínú ohùn?

Ẹ̀gbọ́n Rédíò

Ti app ni màá dáhùn. Kò sí èyí tó máa yọ jẹnẹrétọ̀ tán tí kò ní gé lára ohùn èèyàn, pàápàá ohùn àgbàlagbà ọkùnrin, torí ibi tí ìró jẹnẹrétọ̀ wà nísàlẹ̀ ni ohùn tiwọn náà wà. Bó o bá fipá yọ ọ́, ohùn wọn á dà bíi ti ẹni tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń dènà rẹ̀. Pa jẹnẹrétọ̀, pa fáànù, yọ firíìjì nínú iná. Ju kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ sínú firíìjì náà kó o má baà lọ sílé láì tàn án padà fún wọn. Yàrá tó ní kọ́tìnì àti bẹ́ẹ̀dì dára ju pálọ̀ onítáìsì lọ. Fi fóònù sí airplane mode, torí ìpè tó bá wọlé lè gé e dúró. Máíkì kò gbọdọ̀ jìnnà sí ẹnu ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, kó wà ní ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n, kì í ṣe iwájú ètè gan-an, kí "p" àti "b" má baà máa bú. Kí gbogbo yín dákẹ́ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà. Wàá nílò rẹ̀ tó o bá fẹ́ tún un ṣe.

Fáìlì WAV olójú kan (mono) ní 44.1 kHz ń gba nǹkan bíi 5 MB ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 300 MB àti díẹ̀ fún wákàtí kan. Má fi ránṣẹ́ bíi voice note lórí WhatsApp, á fún un pa. Bíi document ni kó o fi í ránṣẹ́. Ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan wà nílé ẹlòmíì.

Ọmọ Ìsọlọ̀

Ẹ ẹ̀ wá rí i pé jẹnẹrétọ̀ ni ìṣòro ẹni tó ń kọ̀wé nípa Òkè-Àfà! Ẹni tó lé ní 1,000 ló kú lọ́jọ́ yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì kú sínú bárékè. Inú kánàálì Òkè-Àfà ni. Èèyàn ń sá bọ̀ láti Òṣòdì, wọn ò mọ̀ bóyá ìjọba ni wọ́n fẹ́ gbà, wọ́n kọrí sí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lódìkejì, ewéko ti bo ojú omi, wọ́n rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń ti àwọn tó wà níwájú. Ọmọdé ló pọ̀ jù. Kọ́kọ́ mọ ìyẹn ná.

Tíṣà Ìtàn

Má bínú sí i, ọmọ Ìsọlọ̀. Jẹ́ ká tò ó fún un.

Ọjọ́ Sunday, 27 January 2002 ni. Ìbúgbàù ńlá bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ní Èkó lóṣù January, oòrùn kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago méje. Nítorí náà ẹni tó wà ní Ìkẹjà nígbà tí ó kọ́kọ́ dún á rí ojúmọmọ, ẹni tó fi ẹsẹ̀ sá dé Òkè-Àfà á rí òkùnkùn. Òótọ́ ni ti àwọn méjèèjì. Àwọn nǹkan inú bárékè ṣì ń bú di ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹni tó ní Mọ́ńdè lè má purọ́ náà. Bi í ní ibi tó sùn mọ́jú.

Ti Glo: August 2003 ni Glo bẹ̀rẹ̀. Ní January 2002, MTN tàbí Econet ni fóònù tó wà lọ́wọ́ èèyàn, August 2001 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èyí kò sọ pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kò pe ìyàwó wọn o. Láìnì tí wọ́n lò pẹ́ jù ló bọ́ sínú ìrántí. Fi ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kó o kọ àlàyé kékeré sí ìsàlẹ̀.

Ṣọ́ra fún ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ kìíní February ni àwọn ọlọ́pàá daṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ kejì ni ìjà Yorùbá àti Hausa bẹ̀rẹ̀ ní Ìdí-Àràbà, èèyàn tún sá nílé. Ẹni tó bá ń sọ fún ọ pé òun rí àdá àti ọfà bó ṣe ń sá, ọjọ́ méjì ló ti pa pọ̀. Ikú Bọ́lá Ìgè, mínísítà ìdájọ́ tí wọ́n pa ní 23 December 2001, wúlò láti fi wọn ọjọ́: bi wọ́n pé ìgbà tí ariwo ìyẹn ṣì wà nílẹ̀ ni àbí kò tíì ṣẹlẹ̀.

Ìwọ náà, dáhùn: ẹni mélòó? Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ àbí pa pọ̀? Kí lo kọ́kọ́ sọ fún wọn?

Olùbéèrè

Ẹ ṣé sà. Ẹni mẹ́sàn-án. Pálọ̀ kan náà la jókòó sí, torí owó ọkọ̀, mi ò lè máa lọ ilé mẹ́sàn-án. Mo kọ́kọ́ fi fídíò iná bárékè yẹn hàn wọ́n lórí YouTube kó lè ṣí wọn níyè. Ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀.

Tíṣà Ìtàn

Ibẹ̀ gan-an ló ti dàrú. Ẹni tó bá ti wo fídíò iná, kò tún lè mọ èyí tó fojú ara rẹ̀ rí mọ́. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́jọ yòókù á máa fi tiwọn wé tirẹ̀, tàbí kí wọ́n máa ta kò ó.

Má sì ka ìdánilójú sí ẹ̀rí. Ulric Neisser àti Nicole Harsch, àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ibi tí wọ́n wà sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí Challenger, ọkọ̀ tó ń lọ sí gbalasa òfuurufú, bú ní January 1986. Wọ́n tún bi wọ́n lẹ́yìn ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Nínú 44 tó dáhùn lẹ́ẹ̀kejì, 11 kò rí ẹyọ kan sọ tó bá ti àkọ́kọ́ mu, ó sì dá ọ̀pọ̀ lójú pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Tìrẹ ti tó ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tún un ṣe. Ẹnìkọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀, ìṣẹ́jú 45, kó má kọjá wákàtí kan. Má fi bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ Sunday náà: ta ló wà nílé, ṣé wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ni wọ́n sè. Lẹ́yìn náà, "Kí lẹ kọ́kọ́ gbọ́?" Má sọ pé "Ṣé ẹ rí iná náà?", o ti fi iná sí wọn lẹ́nu nìyẹn. Ka méje lọ́kàn kó o tó bi wọ́n ní ìbéèrè mìíràn tí wọ́n bá dákẹ́. Tó bá kù díẹ̀, gbé bébà lásán fún wọn, kí wọ́n ya ọ̀nà tí wọ́n gbà. Má ṣí àwòrán ilẹ̀ orí fóònù fún wọn. Òṣòdì ti 2002 kọ́ ni ti òní, ọdún 2009 ni ìjọba Fashola kó ọjà ojú pópó yẹn kúrò. Tó o bá wá ń kọ ọ́ sílẹ̀, fi báírò mẹ́ta tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ sàmì sí i: èyí tí wọ́n rí, èyí tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu èèyàn, èyí tí wọ́n wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Wákàtí kan ohùn á gbà ọ́ tó wákàtí mẹ́fà tó o bá fẹ́ fi àmì sórí ọ̀rọ̀.

Ìyá Ìlúpéjú

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ilé Yorùbá kọ́ nìyẹn. Àwọn àgbà kì í dá ìtàn sọ ní yàrá bíi ẹni tó wà ní tésàn. Ẹnìkan á sọ, ẹnìkan á rán an létí, ibẹ̀ ni òótọ́ ti ń jáde.

Tíṣà Ìtàn

Ìjókòó náà dára, Mà. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé ti ẹnìkọ̀ọ̀kan, kó má ṣíwájú rẹ̀. Tí ẹ bá ti gba ohùn mẹ́sàn-án lọ́tọ̀, ẹ wá pe gbogbo wọn jọ, ẹ ó rí ẹni tó yí tirẹ̀ padà.

Ìyá Ìlúpéjú

Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá máa pe ara wọn ní òpùrọ́.

Nọ́ọ̀sì Agége

Ẹ dúró ná. Ta ló ń bínú gan-an? Kí ló wà ní Ìyànà-Ìsọlọ̀ tí tọkọtaya fi ń jà lórí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún tó pọ̀ tó yìí? Ta ló wà lọ́wọ́ àǹtí yín lọ́jọ́ náà?

Olùbéèrè

Ẹ̀gbọ́n Rédíò, ṣé máíkì tó ń kọ́ sí ọrùn aṣọ dára ju ti tábìlì lọ?

Nọ́ọ̀sì Agége

Mo bi ọ́ ní ìbéèrè.

Olùbéèrè

Ọmọ wọn obìnrin ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọn ò rí i títí dòní. Àǹtí ní àwọn di ọwọ́ rẹ̀ mú dé Ìyànà-Ìsọlọ̀ kí èrò tó já wọn gbà. Ọkọ wọn ní láti Òṣòdì ni ọwọ́ ọmọ náà ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Èmi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wà láàárín wọn bẹ́ẹ̀. Mo gé ìṣẹ́jú mẹ́rin níbi tí wọ́n ti ń jiyàn, mo gbé e sórí Facebook kí àwọn ará Èjìgbò tó bá mọ ọ̀nà yẹn lè bá wa dá sí i. Àǹtí gbà kí n gba ohùn àwọn sílẹ̀ o, ó wà lórí téèpù. Àwọn èèyàn ló wá ń bú wọn lábẹ́ ibẹ̀, èmi kọ́. Wọn ò ṣí ṣọ́ọ̀bù láti Tuesday.

Ọmọ Ìsọlọ̀

Háà. Ìyẹn lo fi sẹ́yìn ẹ̀pà àti jẹnẹrétọ̀.

Nọ́ọ̀sì Agége

Pa á rẹ́ báyìí kó o tó dá mi lóhùn. Má tọ́jú rẹ̀ sí "only me", pa á rẹ́ ni. Tó o bá ti pa ti ìpìlẹ̀ rẹ́, àwọn tó ṣe share kò ní lè ṣí i mọ́, àwọn tó ti wà á sórí fóònù wọn nìkan ló kù. Lórí WhatsApp, "delete for everyone" kì í ṣiṣẹ́ mọ́ tí ó bá ti ju ọjọ́ méjì ààbọ̀ lọ, nítorí náà kọ̀wé sí admin group kọ̀ọ̀kan tó o fi sí, kí o bẹ̀ wọ́n.

Ká gbà kéèyàn gba ohùn ẹni sílẹ̀ kò jọ ká gbà kó gbé e síta. Mẹ́ta ni wọ́n ń bi èèyàn: ṣé kí n gbà á sílẹ̀, ṣé kí n kọ ọ́ sínú ìwé, ṣé kí ẹni tí kò mọ̀ yín gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ń bi í, kó tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó parí, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí òun máa sọ.

Ní ti àǹtí rẹ: kí obìnrin kan tí wọ́n fẹ́ràn sùn tì wọ́n lálẹ́ òní. Kí wọ́n rí oúnjẹ olómi jẹ. Ẹnikẹ́ni má sọ pé "ẹ gbàgbé ẹ." Ìwọ má bi wọ́n léèrè ohunkóhun nípa ọ̀nà mọ́. Tí wọ́n bá sọ pé àwọn fẹ́ lọ bá ọmọ àwọn, má dúró di ọ̀la, gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn Yábá tàbí ẹ̀ka rẹ̀ ní Òṣòdì. Ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń já aṣọ nìkan.

Alàgbà Mákòókò

Ṣùgbọ́n ìtàn gbọ́dọ̀ ní òótọ́. Ẹnìkan nínú àwọn méjèèjì kò tọ̀nà. Ẹ wá ẹni tó wà níbẹ̀.

Tíṣà Ìtàn

Alàgbà, ẹ fori jì mí. Ẹ lè fi ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ Glo mọ̀ pé láìnì kan kò tíì sí. Kí lẹ máa fi mọ ibi tí ọwọ́ ọmọdé ti bọ́ nínú èrò ẹgbẹẹgbẹ̀rún, lálẹ́? Kò sí. Tí tọkọtaya náà bá gbà láti wà nínú ìwé, kọ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ojú ewé méjì, láì sí orúkọ ọmọ, láì sí àlàyé ìsàlẹ̀. Tí ẹyọ kan ò bá gbà, yọ tirẹ̀.

Olùbéèrè

Mo ti pa á rẹ́ lórí Facebook. Group mẹ́ta ló kù, mo ti kọ̀wé sí méjì. Ẹ má rò pé mo fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, èmi nìkan ló ń ṣe wàhálà ìwé yìí nínú ẹbí. Àǹtí ní kí n yọ ti àwọn kúrò pátápátá. Ọkọ wọn ní kí n fi ti àwọn sílẹ̀, pé òótọ́ ni.

Nọ́ọ̀sì Agége

Tó o bá fi ti ọkọ sílẹ̀, ti ìyàwó ṣì wà nínú rẹ̀, torí òun ni ọkọ ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Yọ méjèèjì. Ọkọ lè sọ ibi tí òun fúnra wọn wà láti aago mẹ́fà títí ilẹ̀ fi mọ́, kí wọ́n má mẹ́nu ba ìyàwó. Bi wọ́n bóyá wọ́n á lè sọ ìyẹn. Má lọ lónìí. Ta ló wà pẹ̀lú àǹtí báyìí?

Olùbéèrè

Àbúrò wọn obìnrin ti wà lọ́nà, ó ń bọ̀ láti Ṣágámù.