Ṣé òótọ́ ni pé rọ́kẹ́ẹ̀tì Jámánì máa ń balẹ̀ kéèyàn tó gbọ́ ìró ẹ̀?

Ọmọ Alárè:
Ẹ̀yin ará ẹ bá wa dá sí i o. Lánàá ní ṣọ́ọ̀bù bábà níbí n'Íjẹ̀bú-Òde, bàbá kan ní nígbà ogun Hitler, Jámánì ń ju rọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí Lọ́ńdọ̀nù tó jẹ́ pé á ti bú kéèyàn tó gbọ́ pé ó ń bọ̀, ó tún wá ní ògógóró ni wọ́n ń rọ sí i bíi pẹtiróòlù. Ẹ̀rín pa wá, bàbá bá bínú dìde, wọn ò tíì gẹrun ẹ̀ tán o, ó dé fìlà lé e ó bá tiẹ̀ lọ.

Tísà Físíìsì:
Bàbá yẹn ò parọ́ kankan. V-2 ni, A4 làwọn tó ṣe é ń pè é. Ó ń sáré ju ìró lọ, torí ẹ̀ ìbúgbàù lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ (tẹ́ ẹ bá ṣì wà láyé), ìró bó ṣe ń já bọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀ lé e. Á lọ tó 320 kìlómítà. Tí wọ́n bá yìn ín n'Íjẹ̀bú-Òde, apá Oníṣà ló máa já sí, láàárín bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wá ro ti ọ̀nà Benin tá a máa ń sùn sí.

Ṣágámù Boy:
Ẹ̀gbọ́n, ti ògógóró ńkọ́ 😂

Tísà Físíìsì:
Àbúrò, ọtí ni lóòótọ́, ara pòtétò ni wọ́n ti ń rí i, wọ́n á wá lu omi mọ́ ọn, ọtí 75, omi 25. Wọ́n tún ń gbé ọ́síjìn tí wọ́n mú tutù títí tó fi di omi dání, torí lókè lọ́hùn-ún kò sí afẹ́fẹ́ tí iná fi máa jó. Bí ìṣẹ́jú kan lé díẹ̀ lọtí yẹn máa jó dà, látìgbà yẹn ó ti di òkò tó kúrò lọ́wọ́ ẹni. Ohun tó ń darí ẹ̀ dà bí òkòtó táwọn ọmọdé ń ta, tó bá ti ń yí kì í fẹ́ tẹ̀.

Ẹ má rò pé wẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣe é o. Ní Peenemünde létí òkun, ó bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ kí ọ̀kan tó wá lọ geere ní October 3, 1942. Nígbà tí wọ́n tún ń dán an wò ní Pólàǹdì, ṣe ló ń fọ́ lójú ọ̀run kó tó balẹ̀. Wernher von Braun tó jẹ́ ọ̀gá wọn lọ dúró síbi tí wọ́n fojú sùn pé kó já sí kó lè rí i dáadáa, ọ̀kan já nítòsí ẹ̀, ìbúgbàù gbé e jù nù.

Ìyá Ìkẹ́nnẹ́:
Ẹ ń yìn wọ́n, ẹ ò sọ tàwọn tí wọ́n fi ṣẹrú. Nígbà táwọn Gẹ̀ẹ́sì ju bọ́ǹbù sí Peenemünde ní August 1943, abẹ́ òkè kan nítòsí Nordhausen ni wọ́n kó iṣẹ́ náà lọ, àwọn ẹlẹ́wọ̀n àgọ́ Dora ni wọ́n ń lò, inú ihò yẹn náà ni wọ́n ń sùn. Nǹkan bí 20,000 ló kú ní Dora àtàwọn àgọ́ abẹ́ ẹ̀. Àwọn tí V-2 pa ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ò ju 2,700 àti díẹ̀ lọ. Ọ̀gá yẹn wá wọ Amẹ́ríkà lọ ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé èèyàn dé òṣùpá ní 1969, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un! Inú máa ń bí mi jàre.

Tísà Físíìsì:
Òótọ́ ni mà. Kì í ṣe gbogbo 20,000 yẹn ló wà nídìí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣá, àmọ́ mi ò lè bá yín jiyàn.

Ọmọ Alárè:
Ẹ ṣeun gan-an. Ó ku bá a ṣe máa lọ bẹ bàbá. Bábà ní apá ọ̀tún ló kù tóun ò tíì gẹ̀, òun ò sì tíì gbowó.