Dátábéèsì wa ò gba kíkọ mọ́: ẹni tó mọ Patroni, ẹ gbà mí o

Ọmọ Òde, Frankfurt
Ọmọ alárè, ẹ kú ọdún. Ilé ni mo wà fún Ojúde Ọba, abẹ́ kánópì ni fóònù iṣẹ́ ti bá mi. Sáfà dátábéèsì PostgreSQL méjì la ní, Patroni ló ń darí wọn, òun ló ń yan ọ̀gá tó ń gba kíkọ; etcd, àkọsílẹ̀ tí Patroni ń fi orúkọ ọ̀gá pamọ́ sí, wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkejì, tó kàn ń ṣe ẹ̀dà lásán, ló kú. Ara ọ̀gá le koko, àmọ́ ó ní "cannot execute INSERT in a read-only transaction", ìyẹn ni pé kíkà nìkan ló ń gbà. Mo tẹ patronictl list, àṣẹ tó ń fi ipò àwọn sáfà hàn, kò dáhùn. Ẹṣin ń kọjá níwájú mi, mi ò ráyè wò ó.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Toronto
Ẹ ṣáà fọwọ́ promote ẹ̀, ẹ fi í jẹ ọ̀gá tipátipá, kẹ́ ẹ máa wo ẹṣin yín.

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù, Leeds
Àbúrò, má dán an wò! Èmi náà fọwọ́ promote nígbà kan, mo rò pé sáfà àkọ́kọ́ ti kú. Kò kú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já láàárín wọn. Ọba méjì wá wà láàfin kan ṣoṣo. Àwọn oníbàárà kan ń kọ sọ́tùn-ún, àwọn kan sósì, nọ́ńbà ọ́dà kan náà bọ́ sọ́wọ́ èèyàn méjì. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá gbọ́dọ̀ máa sọ kọ́kọ́rọ́ oyè rẹ̀ dọ̀tun nínú etcd kí ìṣẹ́jú àáyá 30 tó pé. etcd náà ò sì ní fọwọ́ sí i àfi tí èyí tó ju ìdajì wọn bá wà níkàlẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ méjì, àfi kí méjèèjì pé. Ọ̀kan kú, ìgbìmọ̀ ò jókòó mọ́, ọ̀gá bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè. Inú etcd yẹn náà ni patronictl ti ń kàwé, ló fi yadi.

Àwọn Òṣùgbó ilé wa kúkú ti sọ ọ́: Ògbóni méjì, ó di ẹ̀ta. Ilẹ̀ lẹ̀kẹta, ẹlẹ́rìí ni, kò gbé nǹkan kan dání. Ẹ wá ilẹ̀ tiyín: sáfà kékeré kan níbòmíràn, etcd nìkan ni kó wà lórí ẹ̀, kò nílò dátà kankan. Má ṣe é ní mẹ́rin o. Ikú ẹyọ kan náà ni mẹ́rin lè fara dà, bíi ti mẹ́ta.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Toronto
Mo gba ìbáwí, ẹ̀gbọ́n. failsafe_mode tó bá Patroni 3.0 dé, tó ń jẹ́ kí ọ̀gá wà lórí oyè tí etcd bá dákẹ́, ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù, Leeds
Gbogbo ará ilé ló gbọ́dọ̀ dáhùn kí ìyẹn tó ṣiṣẹ́. Òkú ò dáhùn.

Ọmọ Òde, Frankfurt
Ẹ̀gbọ́n, kí n ṣe kí ni báyìí? Ọ́fíìsì ò jẹ́ n sinmi.

Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù, Leeds
Wọ kọ́ńsólù, pa iná èyí tó kú, kó má jí lójijì. Dá etcd dúró lórí èyí tó wà láàyè, ṣe ẹ̀dà fódà ẹ̀, kó o wá fi --force-new-cluster gbé e dìde, kó di ìgbìmọ̀ tuntun ẹlẹ́nì kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kó o yọ ọ́ kúrò nínú àṣẹ náà. Patroni á gbé oyè padà fún ọ̀gá. Lọ́jọ́ tí òkú bá jí, nu fódà etcd àtijọ́ rẹ̀ nù kó o tó fi àṣẹ member add ti etcd gbà á wọlé.

Ọmọ Òde, Frankfurt
Leader, running! Ó ti ń gba kíkọ. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹṣin ti tán o, ìkọ́kọrẹ́ tí àǹtí bù fún mi sì ti dì gbagidi.