Wọ́n fẹ́ ti bírò wa, Parakou tàbí kí n gba owó kí n máa lọ: èwo ni kí n mú?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, kò jẹ́ kí n sùn. Ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń kọ fàtúrà (ìwé owó ọjà) láti ọdún 11 fẹ́ ti bírò tó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) níbí pa, wọ́n ní ọjà ò yá mọ́. Patron, ọ̀gá wa, pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ipò wà fún mi ní Parakou, owó oṣù ò yí padà àmọ́ prime (owó àfikún) ò ní sí mọ́, ilé tí màá gbé níbẹ̀ ò kàn wọ́n, iṣẹ́ gan-an kì í ṣe fàtúrà mọ́, ẹrù ni màá máa kà wọlé kà jáde. Tí mi ò bá fẹ́, wọ́n á fún mi lówó kí n máa lọ.

Èmi o, owó yẹn ló wù mí. Ìyá ọkọ mi ò lè dìde fúnra wọn látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú wọn, èmi ni mo máa ń wẹ̀ fún wọn láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, ọmọ mi àgbà máa ṣe ìdánwò BEPC lọ́dún yìí, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ bàbá àwọn ọmọ sì wà ní Ouando, kò ṣeé dì lẹ́rù. Àmọ́ ohun tó ń já mi láyà rèé: lánàá wọ́n gbé ìwé kan wá kí n fọwọ́ sí i, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "je renonce volontairement à mon poste", ìyẹn ni pé mo fi ipò mi sílẹ̀ fúnra mi, kò sí iye owó kankan nínú ẹ̀. Wọ́n ní tí mo bá ti fọwọ́ sí i tán owó á tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Kétu ní kí n lọ Parakou, pé ta ló ń fi iṣẹ́ tó ní CNSS (àjọ owó ìfẹ̀yìntì) sílẹ̀ láyé ìsinyìí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. Ṣé òótọ́ ni pé tí mo bá kọ Parakou owó mi ti lọ nìyẹn?

Ọmọ Kétu: Àǹtí ẹ má fọwọ́ sí ìwé yẹn o!! Ẹ ní ẹ fẹ́ fi han ọkọ yín lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sínú fóònù.

Bàbá Sẹ̀ńdíkà: Ẹ fara balẹ̀ ìyàwó wa. Démission, ìyẹn ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, ni wọ́n ń fi "volontairement" yẹn gbà lọ́wọ́ yín, ẹni tó bá sì fọwọ́ ara ẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kò ní indemnité de licenciement, owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí wọ́n lé níṣẹ́. Àmọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá pa ipò yín rẹ́, tí wọ́n wá pààrọ̀ ìlú, iṣẹ́ àti owó yín lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ sọ pé ẹ ò lè ṣe é, àwọn ló lé yín, ẹ̀yin kọ́ lẹ lọ. Licenciement pour motif économique (kí wọ́n lé èèyàn torí ọjà ò yá) la máa ń pè é, Inspection du travail, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, sì gbọ́dọ̀ gbọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Convention collective générale ti 2005, àdéhùn àwọn òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ní kí wọ́n wo ìpíndọ́gba owó oṣù yín láàárín oṣù 12 tó kẹ́yìn, wọ́n á fún yín ní 30% ẹ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan nínú ọdún 5 àkọ́kọ́, 35% fún ọdún kẹfà dé ìkẹwàá, 40% fún èyí tó bá lé. Ká ní 120,000 sẹ́fà lẹ ń gbà lóṣù, ọdún 5 àkọ́kọ́ á jẹ́ 180,000, ọdún 5 tó tẹ̀ lé e 210,000, ọdún kọkànlá 48,000, gbogbo ẹ̀ 438,000. Ìyẹn ò tíì kan préavis (owó àkókò ìkìlọ̀ kí wọ́n tó lé yín), ò tíì kan congé (ìsinmi) tẹ́ ẹ ò tíì lò, congé sì jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 2 lóṣù kan.

Lẹ́tà tiyín ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ sọ pé ẹ ò fiṣẹ́ sílẹ̀ o, pé ipò Parakou ni ẹ ò lè gbà, ẹ ka ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní ẹ ń retí lẹ́tà licenciement. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní méjì, kí sẹkirétà kọ "reçu le" àti ọjọ́ sórí ìkejì, kó fọwọ́ sí i, ẹ mú un lọ sílé.

Ó ń gbé Parakou: Èmi ò ní bá wọn sọ pé owó yẹn pọ̀ o. 438,000 ò tó owó oṣù 4 yín, tó bá sì di pé ẹ ń wá iṣẹ́ tuntun ní Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ patron á fẹ́ bẹ̀rẹ̀ yín láti SMIG, owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà, 52,000 ló sì jẹ́ láti 2023. Wọ́n gbé èmi náà wá síbí, mo gbà, ara mi sì balẹ̀, àmọ́ mi ò tíì láya nígbà yẹn, yàrá kan ṣoṣo tó mi. Ẹ̀yin, ilé méjì lẹ máa máa bọ́, ọ̀nà tó lé ní 400 kìlómítà lẹ máa fi wá wo màmá. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á san owó ilé àti owó ìkẹ́rù, tí wọ́n bá kọ̀ ẹ ti rí èsì yín.

Alhaja Ouando: Ọmọ mi, ọlọ́run á bá ẹ ṣe é. Ẹni tó ń wẹ̀ fún ìyá ọkọ láàárọ̀, ta ló fẹ́ fi màmá lé lọ́wọ́, ọmọ tó ń ṣe BEPC ni àbí ọkọ tó ń ránṣọ? Dúró ti ilé rẹ. Àmọ́ tówó bá bọ́ sí ẹ lọ́wọ́ má sọ fún ẹbí o, kódà ẹ̀gbọ́n Kétu yẹn, torí owó ìfiṣẹ́sílẹ̀ kì í pẹ́ di owó ìsìnkú àti owó ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíì. Ya owó oúnjẹ oṣù 6 sọ́tọ̀, má fi í sí tontine (èsúsú) rárá. Ìyókù, tó o bá fẹ́ tà nǹkan, rà díẹ̀ kọ́kọ́ tà á, má lọ gba ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni, Alhaja ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mo ti bá bàbá àwọn ọmọ sọ ọ́, ó ní ká dúró. Bàbá Sẹ̀ńdíkà, wọ́n pè mí láàárọ̀ yìí pé tí mo bá fọwọ́ sí ìwé yẹn lónìí wọ́n á fi 100,000 kún un, ṣé kí n béèrè iye owó gan-an tí wọ́n fẹ́ fi 100,000 yẹn kún?

Bàbá Sẹ̀ńdíkà: Bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ìlà kan fún indemnité, ìlà kan fún préavis, ìlà kan fún congé, kẹ́ ẹ tó ṣírò 100,000 wọn. Ìkánjú yẹn gan-an ò tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ́la kẹ́ ẹ mú contrat yín, bulletin de paie (ìwé owó oṣù) oṣù 12 àti fọ́tò ìwé yẹn lọ sí Inspection du travail, wọn ò ní gbowó lọ́wọ́ yín. Solde de tout compte náà, ìwé pé wọ́n ti san gbogbo ẹ̀ tán, ẹ má fọwọ́ sí i tí owó ò bá tíì wọlé.

Ìyá Ìbejì: Àǹtí ẹ tún yà ní CNSS. Oṣù 180 ni wọ́n ń béèrè kéèyàn tó gba pension ní ọdún 60, ọdún 11 yín sì jẹ́ oṣù 132, bí patron bá san gbogbo ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tẹ relevé yín (àkọsílẹ̀ oṣù tí wọ́n ti san) jáde fún yín, kẹ́ ẹ wò ó bóyá oṣù kankan ò sí níbẹ̀ nígbà tí bírò ṣì ṣí tẹ́ ẹ lè bi wọ́n, kẹ́ ẹ sì béèrè assurance volontaire, ẹ̀yin fúnra yín lè máa san oṣù 48 tó kù.